Lọ́yà tó bá wa yanjú àwọn ayálégbé tí a ò mọ̀ rí nínú ilé bàbá wa ní Ìpájà: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, ọ̀kan tó kù màá sọ ohun tó gbé e lọ tá a bá débẹ̀. Mò ń kọ èyí nítorí àwọn èèyàn bíi tiwa, àwọn tí bàbá tàbí ìyá fi ilé sílẹ̀ fún l'Ékòó, tí éjẹ́ǹtì ń bá wọn mójú tó o, tí wọ́n wá já wọnú ilé ara wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá èèyàn tí wọn ò mọ̀ rí pàdé ní kọ́rídọ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni ìjà, mo mọ̀.

Ọ́fíìsì wọn ò tóbi rárá, òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyánà Ìpájà ló wà, obìnrin lọ́yà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bárísítà àti ọkùnrin kan tó ń bá a rìn yíká àwọn ilé, òun la máa ń pè ní Alàájì. Wọ́n ń bá èèyàn mójú tó ilé, wọ́n ń gba rẹ́ǹtì, tó bá sì di ọ̀rọ̀ kóòtù Bárísítà fúnra ẹ̀ ló ń lọ. Mi ò ní kọ orúkọ ọ́fíìsì náà síbí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní dárúkọ éjẹ́ǹtì àtijọ́ tó kó wa sí wàhálà, Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n.

Fúláàtì mẹ́rin ni ilé yẹn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní BQ yàrá méjì lẹ́yìn, ó tún ní àyè ṣọ́ọ̀bù níwájú. Bàbá wa ló kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n papò dà, éjẹ́ǹtì tí wọ́n ń lò la ń lò lọ, ó ń fowó sí akáǹtì màmá, àmọ́ owó náà ń joro sí i lọ́dọọdún, tá a bá bi í á ní fúláàtì kan ṣófo, á ní ẹ̀rọ omi jó, á ní LAWMA ti mú bíìlì wá, kò sígbà tí kì í ní àlàyé lẹ́nu. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yà síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ tó rí i pé iwájú fúláàtì tí wọ́n ní ó ṣófo kún fún bàtà ọmọdé àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, la wá gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. A lé e. Ó kó kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì náílọ́ọ̀nù dúdú kan fún wa pẹ̀lú bébà tó kọ orúkọ tẹ́náǹtì mẹ́ta sí, ó ní gbogbo wọn nìyẹn. Tẹ́náǹtì mẹ́ta! Ilé tó ń hó bí ọjà Ọ̀ṣòdì.

Gbogbo èèyàn tá a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ló ní ká lo agbára. Àbúrò bàbá wa ní ká kó àwọn ọmọ àdúgbò wá, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ká ti géètì pa lóru, ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀ pé kó wá ṣí páànù orí BQ, òjò á bá wa lé wọn jáde. Ẹgbẹ́ ìyá mi kan ló ní ká kọ́kọ́ rí Bárísítà yìí ná.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin náà sọ nìyí, kò tíì jókòó dáadáa, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe káfíńtà yẹn kẹ́ ẹ ní kó máa lọ." Ó ní òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 wà, èyí tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí, abala 44 ẹ̀ sọ pé ẹni tó bá wó ilé tàbí tó tún un ṣe lọ́nà tí tẹ́náǹtì ò fi ní lè gbé e mọ́, tàbí tó fipá lé e, tó dẹ́rù bà á, láìjẹ́ pé kóòtù pàṣẹ, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó N250,000, tàbí kó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ní àmọ́ wọn kì í ṣe tẹ́náǹtì òun, òun ò mọ̀ wọ́n rí. Bárísítà ní a ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ tẹ́náǹtì àti ẹni tí kì í ṣe tẹ́náǹtì, torí òfin yẹn ka ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ tẹ́náǹtì pàápàá mọ́ tẹ́náǹtì, ẹ ò lè fojú lásán dá wọn mọ̀. (Ó tún fi kún un pé òfin náà ò kan Ápápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, ẹni tí ilé ẹ̀ bá wà lápá ibẹ̀ kó má fi tèmi yìí ṣe ìwọ̀n o.)

Ibi tí mo ti gbà pé wọ́n mọṣẹ́ rèé. Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kankan, kí wọ́n tó gba rẹ́ǹtì kọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ka èèyàn. Alàájì mú ìwé gbọọrọ kan tó fi rúlà fa ìlà sí, ó ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ lé e. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló gbé ẹ wọlé. Ńṣe ló ń ní, "Ẹ káàsán o, ẹ kú ìjókòó, éjẹ́ǹtì ilé ti yí padà, a kàn fẹ́ mọ ara wa ni." Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè: kí lorúkọ yín, ìgbà wo lẹ kó wọlé, ta ló fi ilé hàn yín, èló lẹ san, akáǹtì ta lẹ san án sí, kí ni wọ́n kọ fún yín. Èyí tó bá ní bébà á mú un wá, á yà á ní fọ́tò lórí tábìlì wọn níbẹ̀, á dá a padà fún wọn. Nọ́ńbà mítà iná gan-an ó kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ la ti wá mọ̀ pé wáyà BQ gba orí sílíìnì lọ sínú fúláàtì kejì, ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti ń ra tókìn fún ilé méjì tí ò mọ̀, ó sì ti ń rò pé firíìjì òun ló ń jẹ iná.

Ìyá kan wà níwájú tó ń ta mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, inú kọ̀ǹténà onírin. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé ẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ nìyẹn, torí bàbá ò jẹ́ kí wọ́n gbé kọ̀ǹténà síwájú ilé nígbà ayé wọn. Nígbà tí Alàájì béèrè bébà, màmá náà nu ọwọ́, ó wọlé, ó gbé agolo Bournvita kan jáde, rìsíìtì ló ká sínú ẹ̀ tó fi rọ́bà dè, gbogbo ẹ̀ pé, ọdún dé ọdún. Orúkọ bàbá wa ló wà lórí ẹ̀, éjẹ́ǹtì fọwọ́ sí i "fún" bàbá, déètì orí èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí a ti sin bàbá tipẹ́. Bàbá tó wà nínú sàréè l'Ábẹ́òkúta ló ń gba owó kọ̀ǹténà ní Ìpájà! A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín ni tàbí ká sunkún. Màmá náà sì ń wo ojú wa, ó ní, "Ẹ má bínú o ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé bàbá ti kú, mò ń ní kí éjẹ́ǹtì bá mi kí wọn."

Bárísítà ṣàlàyé èyí fún wa dáadáa, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ torí òun gan-an ni kókó. Ó ní lójú òfin, àṣẹ tí bàbá fún éjẹ́ǹtì kú pẹ̀lú bàbá. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ lẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ò lẹ bébà kankan mọ́ géètì pé ẹ ti yọ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá kówó fún un láìmọ̀dí, adájọ́ lè sọ pé ẹ̀yin ló san án fún. Ìjà yín pẹ̀lú éjẹ́ǹtì ni, kì í ṣe pẹ̀lú ìyá tó ní rìsíìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́, ó jáde lọ fa sígá. Èmi gbọ́. Wọ́n kọ àgírímẹ́ǹtì tuntun fún màmá oní-mọ́ínmọ́ín, ọdún kan, orúkọ wa ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kó sún kọ̀ǹténà kúrò lójú gọ́tà, owó ẹ̀ lé díẹ̀, ó sì san án sí akáǹtì lójú wa. Ẹni tó ń sanwó déédéé ni o! Á dùn wá tí a bá ti lé e.

Àwọn fúláàtì tó kù nílẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe tiẹ̀ nìyẹn, kò sọ́rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ní rìsíìtì, wọ́n kọ àgírímẹ́ǹtì fún un. Ìdílé tó wà nínú fúláàtì "tó ṣófo" náà ní ẹ̀rí tìránsífà lórí fóònù, ọkọ yẹn tiẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń fi hàn wá torí akáǹtì ìyàwó éjẹ́ǹtì ló san án sí, ó rò pé a máa ní owó òun ti jóná. Wọ́n jẹ́ kó parí ọdún tó san. Èyí dun màmá wa, owó tó ti bọ́ sápò ẹlòmíràn ni, àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ ṣe?

Fúláàtì kẹrin ló le. Ẹni tó ni ín ní tòótọ́, tẹ́náǹtì bàbá wa gidi, ti já pa lọ sí Kánádà. Kò dá fúláàtì padà o. Ó fi plywood pín pálọ̀ sí méjì, ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin sí i, wọ́n ń sanwó fún àbúrò ẹ̀ lóṣooṣù, àbúrò ẹ̀ ń san nǹkan fún éjẹ́ǹtì lọ́dún kó lè dijú. Nínú òfin 2011 yẹn, tẹ́náǹtì ò gbọ́dọ̀ fi ilé yá ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onílé kọ ìwé pé òun gbà. Kò síwèé kankan. A rò pé èyí á yá nìyẹn, ọjọ́ méje, kí wọ́n máa lọ.

Bárísítà ní rárá. Ó ní àgírímẹ́ǹtì ọkùnrin yẹn ti parí lóòótọ́, tó bá jẹ́ pé ó parí tí ẹnikẹ́ni ò gba nǹkan kan mọ́, nótíìsì ọlọ́jọ́ méje péré là bá fún un ká gba kóòtù lọ. Àmọ́ éjẹ́ǹtì yín ń gba owó ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, lọ́yà tiwọn á dìde ní kóòtù á ní tẹ́náǹtì ọlọ́dọọdún ni, oṣù mẹ́fà sì ni nótíìsì ọlọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká fún un ní oṣù mẹ́fà gbáko, kí májísíréètì má baà da ẹjọ́ nù lẹ́yìn tá a ti náwó. Oṣù mẹ́fà! Inú bí ẹ̀gbọ́n mi débi pé ó ní òun á wá lọ́yà mìíràn. Ó wá a lóòótọ́, ìyẹn náà sọ ohun kan náà fún un, ó sì gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fi nótíìsì yẹn jíṣẹ́ tún wù mí. Tẹ́náǹtì tó gba fúláàtì náà ò sí ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ inú ilé ní àwọn ò gba lẹ́tà ẹni ẹlẹ́ni. Alàájì ò bá wọn jiyàn. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn lọ́wọ́, mo ya fọ́tò ẹ̀, ẹnì kan láti fúláàtì kejì fọwọ́ sí i pé ojú òun ló ṣe. Ó ní òfin gbà kéèyàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn kedere lára ilé, kó ṣáà ti lẹ́rìí. Wọ́n tún kìlọ̀ fún wa pé tí oṣù mẹ́fà bá pé, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gba owó tí wọ́n bá pè ní rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wọn, torí wọ́n lè ní a ti jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, pé kóòtù ló máa bá wa gba owó àsìkò tí wọ́n lò kọjá. Àbúrò ọkùnrin Kánádà yẹn mà gbìyànjú ẹ̀ o, ó fi owó ránṣẹ́ sí màmá wa, ó kọ "happy new month mummy" sí i. A dá a padà lọ́jọ́ náà.

Ará BQ ńkọ́? Ìyẹn gan-an làwàdà. Àbúrò ìyàwó éjẹ́ǹtì ni, kò san kọ́bọ̀ rí, kò ní bébà, ó ní ọlọ́dẹ ilé lòun. Nígbà tí Alàájì ní ta ló gbà á síṣẹ́, ó ní éjẹ́ǹtì ni, pé kódà àwa onílé la jẹ òun lówó oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ẹ̀ dákú. A ti gbọ́ pé òfin kan wà ní 2016, ìgbà Gómìnà Àḿbọ̀dé, tó de àwọn tó ń fipá gba ilé onílé àtàwọn tó jókòó sínú ilé onílé láìtọ́, a ní kí Bárísítà fi ìyẹn mú un. Ó ní éjẹ́ǹtì yín ló fi í síbẹ̀, kò já ilẹ̀kùn wọlé, ìyẹn kọ́ ni nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, wọn kì í gbowó. A lọ. Ẹni tó ń làjà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà wí tiẹ̀ tán, ó wá ní tó bá jẹ́ ọlọ́dẹ ni, kó sọ orúkọ àwọn tó ń ṣọ́. Kò mọ orúkọ tẹ́náǹtì kan ṣoṣo. Wọ́n kọ àdéhùn, ó fọwọ́ sí i pé òun á kó jáde, Bárísítà sì ní ká fún un ní owó ọkọ̀ díẹ̀ tó máa fi kó ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi ní láéláé. Èmi ni mo san án lápò ara mi, torí mo ti bi wọ́n léèrè iye tí ẹjọ́ kan ṣoṣo máa jẹ, owó ọkọ̀ yẹn ò tó ìdá kan nínú ẹ̀. Ó lọ lóòótọ́, ó tú táàpù bálùwẹ̀ àti gílóòbù dání, àmọ́ ó lọ.

Ní báyìí, ìràwọ̀ tí mo yọ. Wọ́n ò ṣàlàyé owó dáadáa. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ wọ́n ní 10% nínú rẹ́ǹtì tí wọ́n bá gbà ni tiwọn, a gbà bẹ́ẹ̀, kò burú. Ẹ̀yìn náà lowó wá ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan: owó kíkọ àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, owó nótíìsì lọ́tọ̀, owó fífi ìwé sí kóòtù lọ́tọ̀, owó mọ́tò Alàájì. Mi ò ní kò tọ́ sí wọn, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sójú ìwé kan látìbẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo sọ fún Bárísítà, ó bẹ̀ mí, ó ní òun á tún un ṣe fún àwọn tó ń bọ̀. Ìkejì ni vóìsì nóòtù. Ẹ gbà mí o! Obìnrin yìí á fi vóìsì nóòtù gígùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ sùn, èyí tó kàn ọ́ nínú ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ, tó kù jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ àmọ́ kò yẹ lásìkò yẹn. Tó o bá kọ ọ̀rọ̀ sí i, á fi vóìsì dáhùn. Alàájì ní tiẹ̀, tó o bá pè é á gbé e, á dáhùn, ó tán.

Owó tí éjẹ́ǹtì àtijọ́ kó jẹ ò tíì padà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Èyí tí ẹ̀rí ẹ̀ dájú, ìyẹn tìránsífà àti rìsíìtì tí Alàájì yà ní fọ́tò lọ́jọ́sí, Bárísítà ti ṣírò ẹ̀ pọ̀, ó ní kò tó N5,000,000, nítorí náà Small Claims Court ló ń gbé e lọ, àwọn kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2018 fún gbèsè tí ò ju iye yẹn lọ, ó ní wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ ibẹ̀ máa parí láàárín 60 ọjọ́. Èmi á gbà á tí mo bá rí i. Fúláàtì kẹrin náà ti dé kóòtù, nótíìsì wọn ti pé, a ti fún wọn ní ti ọjọ́ méje lẹ́yìn ẹ̀, plywood yẹn ṣì wà ní pálọ̀. Tí wọ́n bá gba ilé yẹn jáde láìsí wàhálà màá padà wá sọ ìràwọ̀ yìí di márùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ bá wọn tàbí irú wọn, ẹ lọ ṣètò lẹ́tà àdìmínísírésọ̀n yín (ìwé tí kóòtù fi ń fún ẹbí láṣẹ lórí ohun ìní olóògbé) ní Probate, ọ́fíìsì kóòtù tó ń rí sí i, ṣáájú tó bá jẹ́ ilé olóògbé ni, àbí ìwé ìhágún tí kóòtù ti fọwọ́ sí, torí ohun tí Bárísítà kọ́kọ́ ń gbà nìyẹn, kò ní bá ẹ kọ nótíìsì fún ẹnikẹ́ni láìmọ ẹni tó láṣẹ lórí ilé. Tiwa ti wà nílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó yá. Ẹ mú àgírímẹ́ǹtì àtijọ́ dání tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mú ìwé báńkì tó fi iye tí éjẹ́ǹtì ń san hàn, kẹ́ ẹ sì bèèrè gbogbo iye tí wọ́n máa gbà pátápátá kẹ́ ẹ tó jókòó. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ o, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán Bárísítà ti lọ sí kóòtù tàbí ó wà nínú gòsílóò Abúlé Ẹ̀gbá.